Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Yíyan Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Fara Jọra

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja àti agbègbè rẹ̀ máa ń béèrè jù lọ nípa Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ lẹ́nu iṣẹ́, nínú ìdánwò àti nínú lẹ́tà. Gírámà kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà níwájú wọn, gbogbo rẹ̀ á jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló bá ibẹ̀ mu.

Ṣé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì lè ní ìtumọ̀ kan náà láìsí ìyàtọ̀ kankan?

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá tilẹ̀ tọ́ka sí ohun kan náà, wọ́n á yàtọ̀ nínú ẹni tó ń lò wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń lò wọ́n, tàbí ojú tí wọ́n fi ń wo ohun náà. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí èdè tiwa náà kún fún un. Ẹran kú, aládùúgbò ṣaláìsí, àgbàlagbà papòdà, Kábíyèsí wàjà. Ikú kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tó bá kéde lórí rédíò pé ọba ìlú kan “kú” yóò gbọ́ èébú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò sí olùkọ́ tó jókòó kọ́ wa ní èyí. Etí la fi gbà á.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. “Die” ni dókítà ń kọ, òun náà ni òfin ń lò, kò sì ní àbùkù kankan nínú. “Pass away” ni ti lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. “Perish” wúwo ju méjèèjì lọ, àjálù ló sì máa ń bá rìn: omíyalé, iná, ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé. Bí a bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá kan tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rọrí kú lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, ńṣe ni yóò dún bí ẹni pé ilé wó lu ìyá náà. “Expire” sì rèé, tí wọ́n máa ń lò fún ènìyàn látijọ́. Oògùn, oúnjẹ inú agolo àti ìwé ọkọ̀ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù fún lóde òní.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan kan ṣoṣo?

Ìtàn ló fà á. Ní 1066, William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun England, èdè Faransé sì di èdè ààfin, ti kóòtù àti ti àwọn ọlọ́lá fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọn nìṣó. Látìnì náà ń ti ọ̀dọ̀ ìjọ àti àwọn ọ̀mọ̀wé wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta dúró síbi tí ọ̀kan ti wà tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń sin màlúù pè é ní “cow”. Ọlọ́lá tó ń jẹ ẹran rẹ̀ pè é ní “beef”, èyí tó ti inú Faransé wá. “Ask” jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “question” wá láti inú Faransé, “interrogate” láti inú Látìnì. Ọmọ lè “ask” ìyá rẹ̀ ní ohunkóhun. Bí ìyá bá “question” ọmọ, a ti mọ̀ pé nǹkan sọnù nínú ilé. “Interrogate” ti di ti ọlọ́pàá àti afurasí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú àtijọ́ sábà máa ń sún mọ́ ènìyàn, èyí tó gùn tó ti Látìnì wá sì máa ń jìnnà síni díẹ̀. Àwa tí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé máa ń rò pé èyí tó gùn ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ní Kubwa yóò ké “Help!”, kò ní ké “Assist!”

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó yẹ kí n lò?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ náà ń yìn ni tàbí ó ń bú. Ẹ mú “slim”, “thin” àti “skinny”. Yorùbá mọ̀ pé ẹni tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbẹ, ẹni tó gbẹ sì yàtọ̀ sí ẹni tó rù. “Slim” ni tẹ́ẹ́rẹ́, oríyìn ni. “Thin” lè jẹ́ àpèjúwe lásán, ó sì lè jẹ́ pé ara ẹni náà kò yá. “Skinny” ti ń sún mọ́ èébú. Bákan náà ni “cheap” àti “affordable” rí. Ẹni tó bá ń ta ilé ní Lugbe kò ní kọ “cheap houses” sára pátákó rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kà á lè rò pé ògiri rẹ̀ kò lágbára. “Affordable” ni yóò kọ, kódà bí owó rẹ̀ bá ga ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ.

“Famous”, “popular” àti “notorious” ni wọ́n máa ń ṣì lò jù láàárín wa. “Famous” ni ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. “Popular” ni ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn. “Notorious” ni ẹni tí òkìkí burúkú rẹ̀ kàn. Olórí ajínigbé lè jẹ́ “notorious”, kò lè jẹ́ “popular” àfi láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí atọ́kùn ètò ìgbéyàwó dìde pe bàbá ìyàwó ní “a notorious businessman”, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Àwọn agbẹjọ́rò méjì tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn ni kò lè gbé ojú sókè.

Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú èyí ṣẹ̀fẹ̀ lórí rédíò BBC ní 1948. Ó ní bí ènìyàn bá ń sọ nípa ara rẹ̀, á ní òun “firm”. Á pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ní “obstinate”. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni á wá di olóríkunkun òmùgọ̀. Ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. Ibi tí olùsọ̀rọ̀ dúró sí ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó máa ń bá a rìn. Yorùbá ní oòrùn mú, ọyẹ́ mú, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, a kì í sì í pààrọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ní “heavy rain” ṣùgbọ́n “strong wind”, ó ní “strong tea” ṣùgbọ́n “heavy traffic”. “Big”, “large” àti “great” jọra, síbẹ̀ “a big mistake”, “a large number” àti “great pleasure” ni wọ́n ń sọ. Èyí kò ní ìdí kan tí a lè fi ọgbọ́n orí wá. Ẹni tó bá ń kàwé dáadáa ni yóò máa bá a pàdé títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ wo ló léwu jù nínú lẹ́tà àti mẹ́mò ọ́fíìsì ìjọba?

Bí ẹ bá bi mí, “demand” ni. Ẹ wo mẹ́mò yìí: ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan tó wà ní ìpele kẹjọ fẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀ka òun ní tábìlì méjì àti àga mẹ́rin, ó wá kọ ọ́ sí dírẹ́kítọ̀ pé “We demand two tables and four chairs.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé àwọn nílò wọn lọ. Ohun tí dírẹ́kítọ̀ kà níbẹ̀ ni pé ọmọ àná ń pàṣẹ fún òun. Ó fi báírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kò kọ nǹkan mìíràn, fáìlì sì padà sísàlẹ̀ láìsí tábìlì, láìsí àga. “Request” ni ì bá kọ. “Ask for” kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ló bá mu ju ìwé lọ. “Demand” jẹ́ ti ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tó lè fi ipá gbà: agbẹjọ́rò tó ń kọ̀wé sí onígbèsè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ní èdè Faransé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, bíbéèrè lásán ni. Ìgbà tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì ló le.

“Query” ló tẹ̀ lé e. Níbòmíràn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kékeré ni. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà, ìwé tí wọ́n fi ń ní kí òṣìṣẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fura pé ó ṣẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì ní kíkọ. Bí ẹ bá kọ sí ẹ̀ka mìíràn pé “I have a query on your report”, àyà ẹni tó gbà á yóò kọ́kọ́ já. Ẹ lo “question” bí ó bá jẹ́ kókó kan pàtó, kí ẹ lo “enquiry” bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń wádìí ètò tàbí àyè. Àmọ́ bí ẹ bá ń kọ̀wé sí òkèèrè, ẹ má bẹ̀rù “query” mọ́.

“Refuse”, “reject” àti “decline” náà wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wá síbi ìpàdé tí wọ́n pè yín sí, ẹ “decline” ni. Ẹni tó “refuse” ti dijú kọ̀. Ẹni tó “reject” ti wo nǹkan náà, ó sì rí i pé kò dára tó.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín “sorry”, “apologise” àti “regret”?

Àwa ń lo “sorry” bí a ṣe ń lo pẹ̀lẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ ní àtẹ̀gùn Federal Secretariat, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á ní “Sorry o”, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ló tì í. Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà nìyẹn, ó sì bójú mu. Òyìnbó tí kò mọ̀ wá lè bi wá pé kí la ṣe tí a fi ń tọrọ àforíjì.

Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. “Apologise” jẹ́ gbígbà pé ẹ jẹ̀bi. “Regret” kò gba ẹ̀bi kankan. Ó kàn ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dùn mọ́ yín. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tó ń sọ fún ẹni tó wá iṣẹ́ pé kò rí i gbà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “We regret”: ilé iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwa la sọ fáìlì ẹnìkan nù, tí a wá kọ “We regret the inconvenience”, ẹni tó gbọ́n yóò rí i pé ńṣe la ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. “We apologise” ló yẹ níbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó tọ́ ní kóòtù Ìbàdàn lè má tọ́ ní kóòtù Abuja?

Lóòótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn mọ̀ ọ́n. Òfin ìwà ọ̀daràn méjì ni Nàìjíríà jogún. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Criminal Code. Àríwá ní Penal Code, tí wọ́n ṣe ní 1959 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, òun náà sì ni wọ́n mú wá sí Abuja. Olè jíjà tí Criminal Code pè ní “stealing”, “theft” ni Penal Code pè é, ní abala 286. Fún pípa ènìyàn, gúúsù ní “murder” àti “manslaughter”. Penal Code ní “culpable homicide”, ó sì pín in sí méjì: èyí tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ikú, ní abala 221, àti èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ní abala 224. “Cheating”, tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí jíjí ìwé wò nínú ìdánwò, jẹ́ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ jìbìtì ní abala 320. Ìdí nìyí tí ìròyìn kóòtù Abuja fi kún fún “criminal breach of trust and cheating”, tí ó sì máa ń dún létí ará gúúsù bí ẹjọ́ àwọn ọmọ iléèwé.

Ní ti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, “steal” ń mú ohun tí wọ́n jí, “rob” ń mú ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni tí wọ́n yọ fóònù lápò rẹ̀ ní ọjà Wuse láìmọ̀ yóò ní “They stole my phone”. Ẹni tó bọ́ sínú mọ́tò “one chance” ní Nyanya, tí wọ́n yọ ọ̀bẹ sí, yóò ní “They robbed me”. “They robbed my phone” kò tọ́ rárá, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. “Rob” gbọ́dọ̀ ní ipá tàbí ìdẹ́rùbà nínú.

Wọ́n kọ “terminated” sí ìwé mi, àwọn ará ilé ní wọ́n “dismiss” mi ni. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá, owó wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá “terminate” iṣẹ́ ẹnìkan, wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ tí àdéhùn wí, tàbí kí wọ́n san owó dípò rẹ̀, àwọn ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. “Dismiss” jẹ́ ti ẹni tó hu ìwà burúkú tó lágbára. Kò sí ìkìlọ̀, ó sì lè pàdánù ohun tó yẹ kó gbà. “Redundancy” ni ti ẹni tí kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Ẹni tó “resign” fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó “retire” ti parí ìgbà rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọmọ 60 ọdún tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó bá ṣáájú. “Sack” ni ti ìwé ìròyìn àti ti ẹnu, kò sì sọ èyí tí wọ́n ṣe nínú wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ará ilé kankan bá yín kọ “dismissed” sínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tuntun.

Kí ló dé tí a fi máa ń ṣi ọ̀rọ̀ lò níbi tí Yorùbá ti ní ẹyọ kan?

Nítorí pé ọkàn wa ti rí wọn bí ẹyọ kan kí ẹnu tó sọ ọ́. Yorùbá ní ọkùnrin náà ga, òkè náà ga, owó ilé náà ga. Gẹ̀ẹ́sì pín in: ènìyàn, igi àti òpó jẹ́ “tall”, òkè, ògiri àti iye owó jẹ́ “high”. Àpáta Zuma tó wà lójú ọ̀nà Kaduna, tí wọ́n ya sẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà nígbà kan, “high” ló jẹ́. “Retí” náà di mẹ́ta: “wait for” ni ti ẹni tó jókòó síbùdókọ̀, “expect” ni ti ẹni tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, “hope” ni ti ẹni tó ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú. “I am expecting the bus” kò tíì sọ pé ẹ wà níbùdókọ̀.

“Gbọ́” ni ó dùn jù nínú wọn, nítorí àwa nìkan kọ́ ló ń kó sí i. Yorùbá ń bi ara wọn pé “Ṣé o gbọ́ Hausa?”, Hausa náà sì ń béèrè pé “Kana jin Hausa?”, níbi tí “ji” ti jẹ́ gbígbọ́ pẹ̀lú. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní Garki, tí wọ́n sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, “Do you hear Hausa?” ni yóò jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọn yóò sì yé ara wọn pátápátá. Lójú ìwé, “understand” ni, tàbí “speak” bí ó bá jẹ́ sísọ ni ẹ ń béèrè. A tún máa ń gbọ́ òórùn, èyí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wá ọ̀rọ̀ ńlá bíi “perceive” níbi tí “smell” ti tó. Òórùn súyà lálẹ́ jẹ́ “aroma”, ti lọ́fínńdà jẹ́ “fragrance”, ti gọ́tà jẹ́ “stench”. “Odour” sábà máa ń fa imú pọ̀ díẹ̀.

Ọmọ mi ń múra ìdánwò JAMB. Báwo ló ṣe máa dáhùn ìbéèrè “nearest in meaning”?

Ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, irú èyí sì máa ń wà lára wọn. Kí ọmọ náà má ṣe wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nìkan. Gbólóhùn ni kó kà. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n kọ “The witness gave a plain answer”, tí wọ́n sì fún un ní “ugly”, “flat”, “clear” àti “poor”. “Plain” lè jẹ́ ẹni tí kò rẹwà, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹlẹ́rìí kò ní ojú tó lè rẹwà, kò sì ní òkè tó lè tẹ́, nítorí náà “clear” ló kù. Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè ní Bwari, níbi tí oríléeṣẹ́ JAMB wà, mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìtumọ̀ sórí yóò sáré mú èyí tó kọ́kọ́ rántí.

Ṣé kò tó kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan ọ̀rọ̀ fún mi?

Bí ẹ bá tẹ Shift àti F7 nínú Microsoft Word, àkójọ ọ̀rọ̀ tó fara jọra yóò yọ. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Peter Mark Roget, tó jẹ́ dókítà, tẹ èyí tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1852. Ńṣe ló to ọ̀rọ̀ sí abẹ́ èrò tó so wọ́n pọ̀, láti rán ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ létí èyí tó gbàgbé. Kò sọ pé ẹ lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹni tó kọ “my old friend”, tó wá fi “elderly” rọ́pò “old”, ti sọ ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ di arúgbó. Ẹ lò ó bí ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ tí kò kàn wá sọ́kàn. Bí ẹ kò bá tíì rí i rí, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì ka àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ rẹ̀ kí ẹ tó ka ìtumọ̀.

Kí ni “continual” fi yàtọ̀ sí “continuous”, àti “disinterested” sí “uninterested”?

Iná mọ̀nàmọ́ná tó ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ jẹ́ ìdíwọ́ “continual”. Èyí tó lọ tí kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́ jẹ́ “continuous”. Adájọ́ “disinterested” kò ní ohun tó fẹ́ jẹ nínú ẹjọ́ náà, òun sì ni gbogbo wa ń wá. Adájọ́ “uninterested” ń wo aago rẹ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò yín ń sọ̀rọ̀.